Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹyinjú yín dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣe léésà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnì kan kọ̀wé sí yín pé ká lọ ṣe léésà ojú, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fi ìtànṣán iná tún iwájú ẹyinjú ṣe, ká ju gíláàsì dànù. Èmi náà ti ṣe é, mi ò sì kábàámọ̀, torí láti praimárì ni mo ti ń lo gíláàsì, àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo jí tí mo rí aago ara ògiri kedere, ẹkún ni mo bú sí.

Àmọ́ ojú gbígbẹ, háà! Tí ọyẹ́ bá ti mú n'Ílọrin tí eruku gba ìgboro, ńṣe ló dà bíi pé yanrìn wà lójú mi, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ni mò ń rà ní kẹ́mísì ṣáá. Lálẹ́, iná mọ́tò tó ń bọ̀ máa ń ní òrùka roboto yí i ká.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé awọ iwájú ẹyinjú ni léésà yẹn ń fá, ibi tó bá fá ò sì ní hù padà. Ẹni tí tiẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀, ó lè yọ gọngọ síta lẹ́yìn ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn bó ṣe nípọn tó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ojú náà lè wá máa sọ pé ó kéré ju bó ṣe wà lọ, bẹ́ẹ̀ gílọkómà, àìsàn tí ìfúnpá ojú tó ga sábà máa ń fà tó sì lè fọ́ni lójú, pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú, kì í sì í sábà dun èèyàn. Ẹ máa sọ fún dọ́kítà pé ẹ ti ṣe léésà rí o.

Màmá mi l'Ọ́fà ti ní àwọn náà fẹ́ ṣe é kí wọ́n lè máa ka Kùránì láìlo gíláàsì. Mo ní Màámi, tiyín ti ọjọ́ orí ni, ẹni tó bá ti lé lọ́dún 40, lẹ́ńsì inú ojú ló ń le, léésà tèmi ò kan ibẹ̀. Wọn ò tíì gbà.

Èmi òǹkàwé yín, Ìlọrin.