Ẹ má bi nọ́ọ̀sì tí wọ́n lù pé kí ló ṣe

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, mi ò ní dárúkọ ọsibítù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá aláìsàn kan gbá ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú lóru, ojú wú bọ̀ǹbọ̀, ilẹ̀ mọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá bi í ni "kí lo ṣe fún un?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Aláìsàn yẹn kì í ṣèèyàn burúkú o. Ohùn kan ló ń sọ fún un létí pé májèlé ni oògùn tí sísítà gbé wá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tó bá dá yín lójú pé wọ́n fẹ́ fún yín ní májèlé jẹ, ṣé ẹ ò ní jà ni? Àwọn míì, igbó tàbí kolorádò ni wọ́n mu, àwọn míì ti pa oògùn tì torí owó ò sí nílé, ìgbà tó wá le tán ni ẹbí dì wọ́n lókùn gbé wọn wá, àwa tá a sì tú okùn yẹn la kọ́kọ́ máa ń fojú kàn wọ́n.

Iṣẹ́ wa lọ́gbọ́n nínú. Ẹnì kan ni kó bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má kẹ̀yìn sí i, má jẹ́ kó dí ẹ lọ́nà ilẹ̀kùn, yọ yẹtí ẹ kó o tó wọlé. Mo ti rí ọkùnrin gìrìwò kan tó gbé àga sókè, mo fi oríkì ẹ̀ pè é, ó gbé àga sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Tọ́rọ̀ ò bá wọ̀ ọ́ létí mọ́ ṣá, èèyàn márùn-ún ló yẹ kó dì í mú ká tó gún un lábẹ́rẹ́, mẹ́rin fún ọwọ́ àtẹsẹ̀, ẹnì karùn-ún á di orí mú, á máa ṣọ́ bó ṣe ń mí, torí tí wọ́n bá dojú ẹ̀ délẹ̀ tí wọ́n gùn ún lẹ́yìn, ó lè kú.

Lóru ọjọ́ yẹn nọ́ọ̀sì méjì ló wà, aláìsàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Láti aago mẹ́jọ ni ọmọkùnrin tó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ yẹn ti ń rìn síwá-sẹ́yìn, wọ́n rí i, wọ́n mọ̀ pé ó fẹ́ le, àmọ́ gìrì gbé ẹlòmíì lápá kejì, ta ló fẹ́ dúró tì í? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ti japa lọ Ìlú Ọba, mi ò sì bá wọn wí.

Oṣù kìíní 2023 ni Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò Lunacy Act 1958, inú mi dùn sí i gan-an torí ẹ̀tọ́ aláìsàn wà níbẹ̀. Àmọ́ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀, kéèyàn má dè é mọ́lẹ̀, ọwọ́ tó pọ̀ ló ń ṣe é.

Ara ọmọkùnrin yẹn ti ń balẹ̀. Láàárọ̀ àná ló bi nọ́ọ̀sì tó gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ pé, "Sísítà, kí ló ṣe yín lójú?"

Ìjọba, ẹ gba nọ́ọ̀sì kún wa, ẹ fi bẹ́ẹ̀lì ìpe-ìrànlọ́wọ́ sí wọ́ọ̀dù, tí wọ́n bá sì lu ẹnì kan nínú wa, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín.