Àbẹ̀kẹ́, bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí

Akọkà, Yábàá,
Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ́tí sí i. O ní Màmá bi ọ́ pé kí ni mo tún ń kà lẹ́yìn máàsítà, ohun tí o sì rí sọ ni pé mò ń kọ́ nípa eré ìdárayá. Ẹ̀bi mi ni. Ọdún kẹta rèé tí mo ti wà lẹ́nu ìwé dókítà yìí, mi ò sì jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ rí. Bí iṣẹ́ ìjókòó àti iṣẹ́ àìjókòó ṣe ń ṣe ọkàn èèyàn ni mò ń wádìí. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lónìí, torí mo ní iṣẹ́ ìtumọ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́.

O rántí bàbá mi dáadáa, o sì rántí dánfó wọn tó ń gbé wa lọ sílé ìwé. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé kọ́ńdọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó di dẹ́rẹ́bà. Ọdún 8 ni wọ́n fi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mólùé, tí wọ́n ń bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, tí wọ́n tún ń fò wọlé. Wọ́n ní kò sí ìgbà kan tí àwọn ṣàìsàn nínú ọdún 8 yẹn. Ìdí ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n jókòó sí fún ọdún 19 kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dé.

Nígbà tí mò ń ṣe máàsítà ni mo ka iṣẹ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremy Morris. Ní 1953, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní London. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni. Dẹ́rẹ́bà á jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, kọ́ńdọ́ á máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á máa sọ̀ kalẹ̀, á máa gbowó. Àrùn ọkàn sì ń mú àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ́ńdọ́ lọ. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, èéfín kan náà! Mo pa ìwé náà dé, omi sì bọ́ lójú mi nínú láíbìrì.

Mo rò pé ìdáhùn ti délẹ̀ nìyẹn, pé ó kù kí n wá ṣe irú rẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ka ojú ewé méjì nínú ohun tí mo kọ, wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Níbo ni àtẹ̀gùn wà nínú dánfó?" Kí n tó rí nǹkan sọ, wọ́n ní ṣé mo ti ka ohun tí Morris fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Mi ò tíì kà á. Mo lọ kà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní 1956, Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ yẹ ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún àwọn èèyàn yẹn wò. Ìbàdí ṣòkòtò dẹ́rẹ́bà gbòòrò ju ti kọ́ńdọ́ lọ, kódà láàárín àwọn tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tí ara wọn ti tóbi tẹ́lẹ̀ ló lọ ń jókòó sídìí ọkọ̀, kó máà jẹ́ ìjókòó nìkan ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tó wù mí nínú ọkùnrin yẹn nìyí: iṣẹ́ ti gbé e níyì tán, ó tún padà lọ wá ibi tí iṣẹ́ náà ti lè tàn án.

Ti Èkó tún wá nira ju ti London lọ. Lọ sí gáréèjì Ojúẹlẹ́gba. Ọmọ ogún ọdún ni kọ́ńdọ́, ẹni àádọ́ta ọdún ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Bí mo bá fi ọkàn àwọn méjèèjì wéra, ọjọ́ orí ni mò ń wọ̀n, kì í ṣe iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà yìí ló sì ti ṣe kọ́ńdọ́ rí, bíi ti bàbá mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń yí ìbéèrè yẹn kiri kó tó dúró síbi tó wà báyìí: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara ẹnì kan ṣoṣo nígbà tó bá kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó bọ́ sídìí ọkọ̀? Mò ń tẹ̀lé àwọn kọ́ńdọ́ kan báyìí, mò ń wò wọ́n ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn kan nínú wọn ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Bí a ṣe ń mọ bí ọkàn ẹnì kan ṣe lágbára tó ni pé kó sáré lórí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ mìíràn máa wọn ọ́síjìn tí ara rẹ̀ ń lò. Ìyẹn ò ṣeé gbé lọ sí gáréèjì, iná pàápàá kì í dúró. Nítorí náà, àpótí ni mò ń lò. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Queens College, èèyàn á máa gun àpótí tó ga ní 41.3 sẹ̀ńtímítà, á máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú kan fún ọkùnrin, fún ìṣẹ́jú 3. Lẹ́yìn náà la ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Káfíńtà kan ní Bárígà ló kan àpótí mi. Ó kan án ní 40 géérégé, ó ní, "Àǹtí, sẹ̀ńtímítà kan àti díẹ̀, kí ló fẹ́ dà?" Mo ní kó tún un kàn, torí orí gíga yẹn ni wọ́n ti ṣe ìṣirò tí mò ń lò. Inú kọ́ńdọ́ kan dùn púpọ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ ìdánwò náà, torí Queen's College ti Yábàá níbí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti jáde. Mo ṣàlàyé fún un pé ti New York ni tiwa.

Àmọ́ ibi tí mo ti nílò rẹ gan-an rèé. Yàtọ̀ sí kíka ọkàn, a máa ń bi èèyàn pé báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe rí lára rẹ. Gunnar Borg, ará Sweden, ló ṣe òṣùwọ̀n kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20. Ìdí tó fi jẹ́ 6 ni pé ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lè máa lù ní nǹkan bí 60 ní ìṣẹ́jú kan, 20 sì dúró fún 200. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà, mo sì ti gbé àwọn ọ̀rọ̀ yẹn wá sí Yorùbá.

Àbẹ̀kẹ́, mi ò mọ̀ pé yóò le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó sórí àga, kò tíì fẹsẹ̀ kan àpótí, mo bi í, ó ní 12. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Àǹtí, ó ti rẹ̀ mí láti àná." Òótọ́ ló sọ. Agogo mẹ́rin ìdájí ló ti wà lójú ọ̀nà. Èmi ni mo kọ "ó rẹ̀ mí" síbi tí kò yẹ, torí àárẹ̀ àná àti ipá tí èèyàn ń sà lọ́wọ́lọ́wọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà. Òmíràn ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn ń kán sórí àpótí, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 170, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kò le rárá.

Mo gbé bébà náà lọ sílé, mo kà á fún bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dé 13, níbi tí mo kọ "ó le díẹ̀" sí, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì dáa sókè. Wọ́n ní, "Kọ́ńdọ́ kì í sọ pé ó le. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gba ẹnu ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ ọ́ pé, ó ti ń wọ̀ mí lára." Mo lò ó fún àwọn mẹ́fà kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sí èyí tó ṣiyèméjì nínú wọn.

Bébà náà ni mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Ìwọ lo kàwé Yorùbá nínú wa, o ò sì rí ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn ọ́. Jọ̀ọ́, má wò ó lórí Google. Bó bá ṣe yé ọ ni kí o tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, kí n lè fi wé ti Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti tú u, kí o sì fàlà sábẹ́ èyí tí kò dún létí rẹ bí ohun tí èèyàn ń sọ. Ìgbìmọ̀ fẹ́ rí i kí oṣù yìí tó parí.

Bàbá kí ọ. Wọ́n ti ń rìn dé géètì láìmú ọ̀pá.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́