Ta ni wọ́n ń fi owó ààbò pa mọ́ fún?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Inú tó ń bí mi ni kò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá mú bírò. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo gbé rédíò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ròyìn bí àwọn aṣòfin kan ṣe ń yẹ ètò ìṣúná wò l'Ábújá. Nígbà tó kan àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, ariwo gba gbogbo ilé. Èló lẹ ra táyà? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kun ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì? Inú mi dùn díẹ̀, mo ní àwọn èèyàn yìí kúkú ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe kan àwọn ológun àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ báyìí, ẹnì kan ní kí àwọn akọ̀ròyìn bọ́ síta, ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́, kò jìnnà, wọ́n ṣí i, wọ́n ní àwọn ti tẹ́wọ́ gba gbogbo rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní owó ọ̀hún kéré. Mo pa rédíò.

Ta ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa níbí l'Ápàta. A máa ń dáwó ọdẹ. Ilé kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóṣù. Lọ́dún bíi méjì sẹ́yìn, akápò wa dìde nípàdé onílé, ó ní ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ti lọ sórí ètò ààbò, pé òun ò sì lè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ kí olè má baà gbọ́. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló kọ́kọ́ fèsì: "Bàbá Akápò, ṣé àwa tá a dáwó ni olè ọ̀hún ni?" Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn wọ wá lára. A ò fipá mú akápò pé kó sọ ọ́ síta, nítorí ojú tó wà níbẹ̀ pọ̀. Àgbà mẹ́ta la yàn. Wọ́n wọ yàrá lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n wo rìsíìtì, wọ́n pe olórí ọdẹ, wọ́n bi í. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n jáde, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún méjìlá nínú owó náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, akápò sì dá a padà lọ́sẹ̀ kejì.

Tí ẹgbẹ́ onílé tí kò ní ju àga onírọ́bà lọ bá lè ṣe èyí, kí ló ń ṣe ilé aṣòfin tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 469? Nínú ètò ìṣúná ọdún 2025 tí Ààrẹ gbé wá síwájú wọn ní December 2024, trílíọ̀nù 4.91 náírà ló wà fún ètò ààbò nìkan. Ìyẹn nínú trílíọ̀nù 49.7, bí ẹni ní kọ́bọ̀ kan nínú kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Ẹ ó rántí ọdún 2014. Lóṣù December ọdún yẹn, kóòtù àwọn ológun ní kí wọ́n lọ yìnbọn pa ọmọ ogun 54, wọ́n ní wọ́n kọ̀ láti lọ bá Boko Haram jà. Ohun táwọn ọmọ náà sọ ni pé àwọn ò ní ohun ìjà tó lè kojú ti ọ̀tá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó yí i sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Kò pé ọdún kan sígbà tí wọ́n dájọ́ ikú ọ̀hún ni ìjọba tó wọlé ní dọ́là bílíọ̀nù 2.1 tó yẹ kí wọ́n fi ra ohun ìjà ti gba ibòmíràn lọ, wọ́n sì gbé Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn ààrẹ àná lórí ètò ààbò, lọ sí kóòtù. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Mi ò ní dá ẹjọ́ tó wà níwájú adájọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní gbogbo ìgbà tówó ń jáde tí sójà sì ń ké pé òun ò ní ọta, ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ ológun wà níjòókòó, wọ́n ń gba owó oṣù. Kí ni wọ́n ń wò?

Ti Ìkòyí ńkọ́? April 2017, EFCC já wọ ilé kan ní Osborne Towers, wọ́n bá dọ́là mílíọ̀nù 43.4 nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí iná kì í jó, tí wọ́n fi pákó bò mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú pọ́n-ùn àti náírà lóríṣiríṣi. Nígbà tí gbogbo ayé ń méfò ẹni tó ni ín, NIA, àjọ tó ń ṣamí fún wa nílẹ̀ òkèèrè, ní tàwọn ni, iṣẹ́ àṣírí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Iṣẹ́ àṣírí! Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà wọn, kóòtù ní kí owó náà di ti ìjọba àpapọ̀. Ká ní kò sí ẹni tó lọ ta EFCC lólobó ni, ibẹ̀ lowó náà ì bá wà.

Wọ́n á tún ní kí ọ̀rọ̀ wọn má di ti gbangba kí iṣẹ́ lè yá. Ó yá nítòótọ́ lọ́dún 2018, nígbà tí dọ́là mílíọ̀nù 496 ti wọ àpò ìjọba Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ òfurufú ogun Super Tucano 12 káwọn aṣòfin tó rí lẹ́tà tó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n bínú fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọkọ̀ náà dé lọ́dún 2021, ó sì dáa bí wọ́n ṣe dé, mo gbà. Lọ́dún 2021 yẹn kan náà ni Babagana Monguno, tó wà nípò Dasuki nígbà náà, sọ fún BBC Hausa pé owó ti jáde fún ohun ìjà, ohun ìjà náà kò sì sí. Kò pẹ́ rárá, ọ́fíìsì rẹ̀ ní wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Àwọn aṣojú-ṣòfin gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ẹ wo ibi tó parí sí.

Ẹni tó bá ná owó, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ síta, ilẹ̀ ò ní ṣú tí wọ́n á fi kàn án lára. January 2019, sójà kún ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Daily Trust ní Maiduguri àti Abuja, wọ́n kó kọ̀ǹpútà lọ, wọ́n ní wọ́n tẹ ètò ogun síta. Èmi kò ní parọ́, ìwé ìròyìn tó bá ń kọ ọjọ́ tí ọmọ olómọ máa lọ ko ọ̀tá lójú, kò ṣe dáadáa, ẹ̀yin olóòtú náà ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ti March 2024 ńkọ́, nígbà táwọn ológun gbé Ṣẹ́gun Ọlátúnjí, olóòtú FirstNews, nílé rẹ̀ l'Ábúlé Ẹ̀gbá, tí ẹbí rẹ̀ kò mọ ibi tó wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì? Ọjọ́ ogun wo nìyẹn? Ara kan náà ti ń ta wọ́n jù. Àwọn agbésùnmọ̀mí mọ iye ìbọn tá a ní, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wa. Àwa tá a dáwó nìkan ni a kò mọ̀. Ta ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún?

Akọ̀wé kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti tú ìwé òfin. Abala 88 àti 89 fún àwọn aṣòfin lágbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú, kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì ní kí wọ́n lọ mú un wá bó bá kọ̀. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò. Ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni òfin tó dá NIA, DSS (ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ abẹ́lé) àti DIA (amí àwọn ológun) sílẹ̀. Àṣẹ ìjọba ológun ni, ti ọdún 1986, ọdún tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Délé Gíwá. Abala 315 sì dì í mọ́ inú ìwé òfin 1999, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè tún un ṣe àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì bá fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Òun àti òfin lílo ilẹ̀ (Land Use Act) ni wọ́n jọ há sínú àpótí yẹn. Nínú gbogbo àtúnṣe ìwé òfin tí wọ́n ti ń náwó lé lórí, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pariwo ìpínlẹ̀ tuntun.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò ju ohun tá a ṣe l'Ápàta lọ. Kí ilé méjèèjì yan èèyàn mẹ́sàn-án, kí alága wọn wá láti inú ẹgbẹ́ alátakò. Kí wọ́n má ṣe mú nínú àwọn tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ ológun tẹ́lẹ̀, àwọn yẹn ti di ọmọ ilé, wọ́n ti bá wọn jẹun jù. Kí wọ́n búra, ẹni tó bá sì fẹ́ fi irin búra, kí wọ́n gbé e fún un (èmi á tiẹ̀ fẹ́ràn ti irin jù). Kí wọ́n fún wọn ní àwọn ayẹ̀wé-owó-wò gidi, kí wọ́n sì lè wọ ilé ìkóhun-ìjà lọ ka ìbọn fúnra wọn, kì í ṣe kí wọ́n máa ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n jáde sọ àpapọ̀ owó fún wa, àti èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tú àṣírí, òfin àṣírí ìjọba ti 1962 wà níbẹ̀, ẹ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1994. Èèyàn mẹ́sàn-án náà ni tiwọn, wọ́n ń rí ìwé àwọn amí, wọ́n ń tẹ ìròyìn jáde, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná jù, wọ́n á fi àmì ìràwọ̀ sí i dípò. Amẹ́ríkà ń kéde àpapọ̀ owó amí rẹ̀ lọ́dọọdún láti 2007. Ogun ò tìtorí ẹ̀ kó wọn. Ká má sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àjèjì sí wa. Ògbóni mọ àṣírí pa mọ́ ju ológun èyíkéyìí lọ, síbẹ̀ Ògbóni méjì ló ń di ẹ̀ta. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n.

Owó ààbò táwọn gómìnà ń gbà lóṣooṣù, kí wọ́n fòpin sí i. Kí wọ́n ṣe òfin gidi tó ń dáàbò bo ẹni tó bá ta ìjọba lólobó, ìlànà tí wọ́n gbé jáde lóṣù December 2016 kò tó.

Àkókò ètò ìṣúná míì ò ní pẹ́ dé. Mo ti ra bátìrì tuntun sínú rédíò mi. Bí wọ́n bá tún ní káwọn akọ̀ròyìn bọ́ síta, ẹ máa retí lẹ́tà mi.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kóòtù fẹ̀yìntì,
Àpáta, Ìbàdàn