Ohùn ọmọ ni mo wá tọrọ

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bàbá ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ sọ mí gan-an lọ́sẹ̀ yìí. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ọ̀gá tuntun ti dé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí mò ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí mi lórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì báyìí. Inú rẹ á dùn tó o bá gbọ́ bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀ nídìí ohun ìṣeré rẹ̀! Kọ́ńsónáǹtì ṣì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń bọ́ síbi tó yẹ. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ mú. Ṣùgbọ́n bí ìyá bàbá rẹ̀ bá ti fojú kan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ báyìí, ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: “Kí wọn! Kí nìyí? Ka oókan, eéjì, ká gbọ́!” Ọmọ á dákẹ́, tàbí kó kàn máa tún ohun tí màmá wí wí, bẹ́ẹ̀ n kò lè ka àwítúnwí mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí àgbàlagbà dákẹ́ nínú ilé ọmọ wọn? Mo ti bẹ ìyá ọmọ pé kó máa tan ẹ̀rọ náà nígbà tó bá ń wọṣọ fún un, kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe nígbà ìwẹ̀ o, ariwo omi á bo ohùn mọ́lẹ̀.

Àwọn òbí ọmọ náà tún ní àwọn ń gbèrò láti kó lọ. Àyà mi já. Ṣé o rántí Eve, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́ta tí Roger Brown, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Ó pé oṣù 18 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀; nígbà tó fi máa pé oṣù 27, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ, iṣẹ́ sì parí lórí tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ rẹ àti ọmọ yìí jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ṣé o lè máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ìdajì wákàtí, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì? Kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. N óò fi ìwé ìyọ̀ǹda ránṣẹ́, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ kò ní hàn níbì kankan. Ibi tẹ́ ẹ bá ní kí n pa rẹ́, n óò pa á rẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọwọ́, ẹ yọwọ́, kò sí ìjà. Má tìtorí pé ọ̀rẹ́ ni wá kó o má lè sọ pé rárá.

Bẹ́ ẹ bá gbà, máa kọ iye ọdún, oṣù àti ọjọ́ tó jẹ́ mọ́ gbogbo ohùn tó o bá fi ránṣẹ́. Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́