Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Wa lórí Ilé Jẹ́lé-ó-sinmi Mẹ́rin Tí A Tì Pa

Ọjọ́ 29, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2026

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
nípasẹ̀ Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́.

Ọlọ́lá jùlọ,

Àwa ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilé jẹ́lé-ó-sinmi àti àwọn olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ lo sáà yín já pẹ̀lú àlàáfíà.

Alága wa, ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní olùkọ́, ọwọ́ wa ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn kó sọ̀rọ̀ tán, àti bí a ṣe ń sọ pé ìtọ̀ ń gbẹ òun kí ó tó tọ̀ sára. A lè sọ ọ́ láìgbéraga pé kò sí lọ́yà, dókítà tàbí káńsẹ́lọ̀ kan ní àgbègbè yìí tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kò nu ikun imú rẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa fi ká wa lára ju bí a ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 20 oṣù yìí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn aláyẹ̀wò láti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́, pẹ̀lú àwọn agbófinró ìjọba ìbílẹ̀ àti gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa kan, wọ ilé mẹ́fà tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Wọn kò fi ìwé ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí yóò wọ Prámárì Kìíní ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ti gbára dì fún ilé-ìwé. Ìdánwò tí wọ́n mú wá kò ju ojú ewé méjì lọ: kí ọmọ kọ 1 dé 100, kí ó ka gbólóhùn mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ àwòrán mẹ́wàá. Ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá gba ìdajì, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé a ti tì í pa. Kí aago kan ọ̀sán tó lù, mẹ́rin nínú mẹ́fà ti wà ní títì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ojú wa rí nínú ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n gbé àwòrán ewúrẹ́ sókè níwájú ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Ewúrẹ́ ni, ó sì lóyún." Òótọ́ ni, ikùn ewúrẹ́ náà yọ gbọ̀ngbọ̀n, kò sì sí àgbàlagbà kan nínú wa tó ti kíyè sí i. Aláyẹ̀wò kọ òdo. Ọmọ yìí kan náà ló ka ogún ìdérí ìgò mínírà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó pín in fún ọ̀rẹ́ mẹ́ta àti ara rẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún láìsí pé olùkọ́ dá sí i, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ìdérí ìgò nínú ojú ewé méjì. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ̀wé bo lẹ́tà GB mọ́lẹ̀ nínú ábídí tí olùkọ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn sára ògiri. Kúlà oúnjẹ àwọn ọmọ ṣì wà nínú ilé náà di òní tí ó pé ọjọ́ kẹsàn-án, ẹni tó bá sì gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá yóò mọ̀ láìbéèrè.

Alága wa, ta ló ní kí a máa fi ìdérí ìgò kọ́ ọmọ? Ìjọba ni. Ní ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde fún ọmọ ọwọ́ títí dé ọmọ ọdún 5, wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n ohun tó kéré jù tí ilé ìtọ́jú ọmọ gbọ́dọ̀ ní jáde. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni eré, orin, ìtàn, fífi ọwọ́ kan nǹkan, ìmọ́tótó, àti bí ọmọ ṣe ń bá ẹgbẹ́ gbé. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ètò ẹ̀kọ́ sọ pé kí ọmọ tó wà níwájú olùkọ́ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi má ju 25 lọ, àti pé èdè àyíká ọmọ ni kí a fi kọ́ ọ. Nígbà tí ọdún 2022 ń lọ sópin, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ dé Prámárì Kẹfà. A gbọ́, a sì gbà. Àwọn kan nínú wa kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì sínú páálí, wọ́n ra ti Yorùbá.

Àfi bí ó ṣe di oṣù Bélú ọdún 2025 tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. A kò wá bá ìjọba jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ wo iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò ti rẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àwa ń sọ ni pé láti ìkéde oṣù Bélú sí ọjọ́ tí ọ̀dà dé, oṣù mẹ́ta kò pé, ìsinmi Kérésì sì wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a fún télọ̀ ní ìwọ̀n ọmọ, tó rán aṣọ parí, tí a wá gbé aṣọ náà wọ bàbá ọmọ, tí a ní télọ̀ kò mọṣẹ́.

Kódà ká tilẹ̀ ní èdè kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ìwọ̀n wa àti ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn olùkọ́ Prámárì Kìíní kò rí ìwé tí a ń lò rí, àwa náà kò rí tiwọn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn sọ fún akọ̀wé wa pé ohun tí òun ń retí lọ́wọ́ ọmọ tuntun kò ju pé kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ó sì mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Èkejì ní kí ó ti máa kàwé já geere. Ilé-ìwé kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọba sì ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi tirẹ̀ nínú ọgbà àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ojú ewé méjì tàbí ọ̀dà lọ síbẹ̀. A kò ní kí wọ́n gbé e lọ o, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni àwọn náà. A kàn rí i ni.

Owó pátákó tí a ń san lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, gọ́tà iwájú ilé-ìwé méjì, àti rìsíìtì tí àwọn agbowó-orí kì í fún wa, a fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ pàṣẹ kí a ṣí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó fi ọ̀dà kọ̀wé sì wá kùn ún padà. Lẹ́yìn èyí, kí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ pe àwọn olùkọ́ Prámárì Kìíní àti àwa sí ìjókòó kan náà, kí ìlànà ẹ̀kọ́ tiwa àti tiwọn wà lórí tábìlì, kí a jọ fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ yẹ kó lè ṣe kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa àti ibi tí àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì fún gbogbo wa ní ẹ̀dà rẹ̀ kí sáà kẹta tó wọlé. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa lò, kí wọ́n sọ bí a ó ṣe kó ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá bọ́ sínú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa báyìí kọ́ ló ṣe òfin, àwọn kọ́ ló sì fagi lé e. Títí a ó fi ṣe èyí, kí a má fi ìdánwò ẹnu ọ̀nà ti ilé ẹnikẹ́ni pa mọ́.

Orúkọ iṣẹ́ wa ni jẹ́lé-ó-sinmi, Alága, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 20 oṣù yìí, ilé kò sinmi. Àwọn ìyá ọmọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá ọlọ́jà, ń pọn ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sídìí igbá, wọ́n sì ti ń béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé kò ní dára kí àwọn kó àwọn ọmọ náà wá sí ọgbà sẹkitéríàtì, kí ìjọba lè bá àwọn mójú tó wọn díẹ̀. Àwa là ń dá wọn dúró. A ó máa dá wọn dúró níwọ̀n bí agbára wa bá ṣe mọ. Ẹ ó tún rántí pé àwọn ọmọ wa ló ń yan kọjá níwájú yín ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí, lọ́dọọdún. Yóò dùn wá púpọ̀ bí wọn kò bá rí ibi tí wọn yóò ti kọ́ bí a ṣe ń yan.

A ń retí ìpè yín láàárín ọjọ́ méje. Àwọn aṣojú wa márùn-ún yóò wá nígbàkígbà tí ẹ bá fi sí.

Àwa tiyín nítòótọ́,

Ààrẹ Ẹgbẹ́
Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Akápò
Ìyá Ẹgbẹ́

Ẹ̀dà ìwé yìí lọ sọ́dọ̀ Kábíyèsí, Ìyálọ́jà, àti alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́.