Ẹ dákun, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó àtijọ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Fídíò kan ló ń lọ lórí WhatsApp báyìí pé ẹni tó bá ní kọ́bọ̀ oníhò tàbí tọ́rọ́, owó onírin ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nílé ti di olówó. Láti Ìtòkú dé Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn èèyàn ti ń tú àpótí àwọn ìyá àgbà. Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni pé kí wọ́n tó gbé owó náà jáde fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o, tàbí kí wọ́n fi Brasso dán an.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá tẹ owó, irin rẹ̀ máa ń ṣàn díẹ̀ lábẹ́ òǹtẹ̀, á sì fi àwọn ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn ìlà yìí ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa yí lójú owó tí kò tíì gbó bí a bá ń dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Omi ọsàn á jẹ wọ́n, eérú á ha wọ́n, kò sì sí oògùn tó lè dá wọn padà. Kọ́bọ̀ bàbà tí wọ́n fi ọsàn fọ̀ á pupa lọ́nà tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, ẹni tó ń rà á á sì ti mọ̀ kó tó gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ owó, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú omi tí wọ́n ń dà kún bátìrì mọ́tò (omi rẹ̀ o, kì í ṣe ásíìdì rẹ̀!), kí ẹ fi òwú tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ láì nù ún. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ló dì mọ́ ọn, omi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní acetone, èyí tí kò lábùlà, ni kí ẹ lò, níbi tí kò sí iná. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, torí ó ní òórùn dídùn àti òróró nínú.

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ oníhò náà wá ńkọ́? Èyí tí fídíò yẹn ń pariwo jù ni ti ọdún 1936 tó ní orúkọ ọba Edward Kẹjọ, nítorí pé ọba náà kò lo ọdún kan lórí oyè. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ ò jáde fún ìnáwó nílùú ọba. Àmọ́ ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ tiwa kò ní àwòrán orí ọba lára, adé àti orúkọ nìkan ni, nítorí náà wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, a sì ná wọn. Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Èyí tó gbó kì í ju dọ́là mélòó kan lọ lókè òkun. Bákan náà ni ṣílè 1959 tó kún inú ìkòkò. Ọdún nìkan kò tó: ẹ tún wo lẹ́tà kékeré tó lè wà lójú kan náà tí ọdún wà, tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó tẹ owó náà. H ni ti Heaton ní Birmingham, KN ni ti King's Norton, SA ni ti Pretoria. Èyí tí kò ní lẹ́tà, London ló ti wá. Lábẹ́ ọdún kan náà, lẹ́tà kan lè wọ́pọ̀ kí òmíràn sì wọ́n. Ní ti owó Biafra tí wọ́n fi aláminiọ́mù ṣe ní 1969, tọ́rọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Fàdákà ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì British West Africa (àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tiwa náà wà níbẹ̀) láti 1913 títí wọ 1920, fàdákà ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdàlù idẹ àti tánńganran ṣe wọ́n, nítorí náà owó 1920 lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òòfà ò lè yanjú èyí, torí kì í fa ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ wá òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tó ń ka 0.01 gíráàmù. Ẹ wọn owó náà ní gbígbẹ. Ṣílè méjì tuntun jẹ́ gíráàmù 11.31. Ẹ wá gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú so owó náà rọ̀ sínú omi láì jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá fi hàn, ẹ fi pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 10.3 tàbí 10.4, fàdákà ni. Bó bá wà ní nǹkan bí 8.5, idẹ ni. Bí owó náà ti wù kó gbó tó, ìṣirò yìí ò yí padà. Lára tọ́rọ́ ni ó ti máa ń ṣini lọ́nà, torí ó kéré jù.

Lẹ́yìn èyí ló kan bó ṣe gbó sí. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ gúlóòbù kan ṣoṣo, kí ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wò ó. Lára owó oníhò, àwọn róbótó kéékèèké orí adé ló ń kọ́kọ́ parẹ́, àti ibi tí apá ìràwọ̀ ti gbé ra wọn kọjá. Lára ṣílè, ẹ wo adé àti irùngbọ̀n ọba George Karùn-ún.

Ẹ má kó wọn sínú ọ̀rá rọ̀bà tó ń rùn bí aṣọ tábìlì tuntun. Nínú ooru wa yìí, ásíìdì máa ń tú jáde lára rẹ̀, ohun tútù aláwọ̀ ewé á sì bo owó. Rọ́bà tí a fi ń di owó pọ̀ ń sọ fàdákà di dúdú. Àpò ìwé kékeré tí kò ní ásíìdì ló dáa, ọ̀kan fún owó kan, pẹ̀lú ọ̀rá kékeré agbomi tó máa ń wà nínú páálí bàtà, pàápàá lásìkò òjò.

Bó bá di títà, iye tí olùtà kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iye ọjà. Lórí eBay, ẹ yan àwọn èyí tó ti tà nìkan. Ṣílè tí wọ́n lu ihò sí lára láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn ọmọ, iye fàdákà rẹ̀ lásán ni kí ẹ máa retí. Ẹ kọ ọdún, lẹ́tà àti ìwọ̀n owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀ méjèèjì kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní agolo lòun fẹ́ fi wọ̀n ọ́n rà, ẹ ní kó máa lọ.

Àwa kan tó ń kó owó àtijọ́ jọ,
Aké, Abẹ́òkúta.