Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ẹ má fi kànrìnkàn onírin fọ páńẹ́lì sólà o

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí. Eruku ti bo gbogbo òrùlé n'Íbàdàn, àwọn èèyàn ń pè wá pé bátìrì ò kún mọ́ kílẹ̀ tó ṣú, àwọn kan tiẹ̀ ti ní kí ọmọ gòkè lọ fi kànrìnkàn onírin àti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú gbo páńẹ́lì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná.

Tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wo gíláàsì ojú páńẹ́lì yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fà sí búlúù díẹ̀. Wọ́n kun nǹkan sójú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni, silica ni, ohun kan náà tó wà nínú yanrìn, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé irun orí ẹyọ kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po tó ju 100 lọ. Gíláàsì lásán máa ń dá bíi 4% ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà lójú òkè, èyí tí wọ́n kùn yìí ló ń dín in kù, ìyẹn ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí bíi 2 sí 3% iná lé sí i.

Ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òjò àti oòrùn, àmọ́ gbígbo ló ń pa á. Yanrìn kéékèèké wà nínú eruku ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ kàn ń fi yanrìn ha á ni, ọṣẹ líle náà sì máa ń jẹ ẹ́. Tó bá ti họ, kò sí bá a ṣe fẹ́ dá a padà lórí òrùlé. Àwọn tó ń ta òróró "nano" pé páńẹ́lì á máa fọ ara ẹ̀, ìyẹn náà máa ń ṣí, ẹ ó tún máa kùn ún ni, ó sì lè ba wọ́ràńtì yín jẹ́, àwa ò ní kẹ́ ẹ rà á.

Ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kùtù kí gíláàsì tó gbóná, torí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè mú kó sán. Ẹ kọ́kọ́ da omi lásán sí i kí yanrìn ṣàn lọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi fóòmù rírọ̀ nù ún, ẹ má gun orí ẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ńkọ́? Ẹ fi àkísà tútù lé e títí tó fi máa rọ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má sì fi sílẹ̀ torí ojú kan tó bò yẹn lè máa gbóná kó ba páńẹ́lì jẹ́. Tómi kànga yín bá máa ń fi funfun sílẹ̀ lára ìkòkò, ẹ lo omi òjò, tàbí kẹ́ ẹ nù ún gbẹ kíá.

Èyí tí gíláàsì ẹ̀ bá ti sán, ẹ má da omi sí i rárá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.